Ìyá Tí Fàtímọ̀ Gbé Pamọ́ sí Àjà Kẹta

Ilé ńlá kan wà ní Ajíbódé, lẹ́yìn yunifásítì, tí ayálégbé mẹ́rìndínlógún ń gbé inú rẹ̀. Àjà mẹ́rin ni ilé náà ní, ilẹ̀kùn mẹ́rin ló sì wà lórí àjà kọ̀ọ̀kan. Àwọ̀ ewé kan náà ni wọ́n fi kun gbogbo ilẹ̀kùn ọ̀hún, irin ààbò tó wà lójú wọn kò sì yàtọ̀ síra. Ẹni tó bá ń ronú lọ lórí àtẹ̀gùn lè ṣèèṣì máa fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn ẹlòmíràn. Fàtímọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dún tó kọ́kọ́ débẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ inú ilé sì fi ṣe yẹ̀yẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko.

Àjà kẹta ni Fàtímọ̀ ń gbé. Alágbàfọ̀ ni. Aṣọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló ń gbà fọ̀ jù, lẹ́yìn náà aṣọ àwọn olùkọ́ tí kò ráyè. Onílé gbà á láyè láti na okùn aṣọ sórí òrùlé, níbi tí táǹkì omi wà, ìdí nìyẹn tí kò fi ronú àtikó kúrò níbẹ̀ rí. Ọkọ rẹ̀ ti kú. Zubaidah, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ti lọ sílé ọkọ ní Ìlọrin. Nígbà tó ń gba ilé, wọ́n ní kó kọ iye ènìyàn tí yóò máa gbé ibẹ̀ sínú ìwé. Ó kọ ẹyọ kan. Lábẹ́ ibẹ̀, onílé ti ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ pé òun kò fẹ́ aláìsàn, òun kò sì fẹ́ arúgbó tí kò lè dá rìn. Ohun tó fà á ni pé bàbá àgbàlagbà kan ti kú rí sí àjà òkè nínú ilé mìíràn tó ní, ayálégbé mẹ́rin sì kó jáde kí oṣù náà tó parí. Fàtímọ̀ ka gbogbo rẹ̀ tán kó tó fọwọ́ sí i. Nígbà yẹn, ara ìyá rẹ̀ le, ó ń dá roko ẹ̀gẹ́ ní Akínyẹlé.

Ní oṣù kẹrin ọdún yìí, ìjì ṣí òrùlé ilé ìyá náà. Ibi tó ti ń sáré gbé ẹrù rẹ̀ kúrò nínú òjò ló ti ṣubú, egungun itan rẹ̀ sì yẹ̀. Wọ́n tọ́jú rẹ̀ títí ó fi ń fi ọ̀pá rìn díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè dá gbé mọ́. Mùnírù, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, wà nítòsí, àmọ́ oko ni ọkùnrin náà máa ń wà láti àárọ̀ dìrọ̀lẹ́. Fàtímọ̀ rò ó títí. Lọ́jọ́ Àìkú kan, nígbà tí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ti jáde tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ń sùn, ó gbé ìyá rẹ̀ wọlé. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ọ̀sẹ̀ kan péré ni, títí Mùnírù yóò fi rí páànù bo yàrá kan. Ọ̀sẹ̀ kan di mẹ́ta.

Mùsílímátù ni orúkọ ìyá náà. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ẹnu rẹ̀ sì mú.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọ̀pá yẹn kanlẹ̀. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ ń gbọ́ ọ."

"Kí n máa fò ni?"

"Ẹ rọra ni mo wí. Tí ikọ́ bá sì fẹ́ gbé yín, ẹ fi ìrọ̀rí bo ẹnu."

"Fàtímọ̀, ṣé o jí mi gbé ni? Adìyẹ tí wọ́n jí nìkan ni mo mọ̀ pé wọ́n ń dì lẹ́nu."

Fàtímọ̀ kò rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ ti dé, kò sí ẹsẹ̀ tó dún lórí àtẹ̀gùn tí kò gbọ́. Ó ti mọ ẹsẹ̀ Fàtáì dá yàtọ̀. Fàtáì ni onílé fi ṣe alámòójútó, yàrá kékeré ẹ̀gbẹ́ géètì ló ń gbé. Bàtà rọ́bà ló máa ń wọ̀, ó sì máa ń dúró díẹ̀ lórí àjà kọ̀ọ̀kan láti wò bóyá ẹnìkan gbàgbé iná sílẹ̀. Bí bàtà náà bá ti ń gòkè bọ̀, Fàtímọ̀ á yí rédíò rẹ̀ sókè. Aṣọ ìyá rẹ̀, àárín aṣọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló ń sá a sí, kí ẹni tó bá rí i lè rò pé ti oníbàárà ni. Tí oúnjẹ bá jinná, abọ́ kan ló ń gbé sórí tábìlì, ìyá rẹ̀ á kọ́kọ́ jẹun, òun á wá jẹ tẹ̀ lé e. Nígbà mìíràn kì í jẹ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í da aṣọ oníbàárà pọ̀. Ó gbé ṣòkòtò ẹlòmíràn fún Sanmí, akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní àjà kejì, Sanmí sì bi í bóyá ara wọn kò yá.

"Ara mi yá," ó dá a lóhùn. "Ojú ló ń dùn mí."

Omi kì í wọ inú ilé mọ́ níbẹ̀. Ẹnìkan ló ṣí ẹ̀rọ sílẹ̀ lọ́dún kan, omi ya wọ ilé àwọn tó wà nísàlẹ̀, onílé sì ní kí wọ́n dí gbogbo páìpù. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, ìdájí ni Fàtáì máa ń ṣí i. Fàtímọ̀, tí iṣẹ́ rẹ̀ ń fẹ́ omi ju ti gbogbo wọn lọ, ló máa ń kọ́kọ́ débẹ̀. Á kó gbogbo kẹ́ẹ̀gì tó wà nínú ilé sọ̀kalẹ̀ pọ̀, á sì fi ẹsẹ̀ fa ilẹ̀kùn dé láìtì í, nítorí ọwọ́ rẹ̀ kún.

Ìtùnúolúwa ni ilẹ̀kùn rẹ̀ kọjú sí ti Fàtímọ̀. Olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi ni. Ọkọ rẹ̀ ń wa ọkọ̀ akẹ́rù lọ sí Kánò, kì í fi bẹ́ẹ̀ sí nílé. Ọmọ ìjọ Kérúbù àti Séráfù ni wọ́n. Oyún méjì ti bọ́ lára rẹ̀ rí, ẹ̀kẹta ló wà nínú rẹ̀ yìí, ó sì ti wọ oṣù kẹjọ. Bí ẹ̀gbọ́n ló ṣe mú Fàtímọ̀. Òun gan-an ni Fàtímọ̀ ń bẹ̀rù jù nínú ilé náà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn, nítorí pé òun nìkan ló lè kanlẹ̀kùn nígbàkigbà láìní nǹkan pàtó tó fẹ́ sọ.

Ó kanlẹ̀kùn ní àárọ̀ Ọjọ́rú kan. Fàtímọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi omi dé ni. Ó jáde, ó sì fa ilẹ̀kùn dé lẹ́yìn ara rẹ̀.

"Ìyá Zubaidah, ẹ dákun, ẹ wá bá mi wo nǹkan."

Korobá funfun kan wà ní etí ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí kò sí òrùlé lórí rẹ̀. Ìtùnúolúwa ṣàlàyé pé wòólì ìjọ àwọn ló yà omi inú rẹ̀ sí mímọ́ fún òun. Wọ́n ní kí òun máa gbé e síta lójú ọ̀run láìdé e, láti ìrọ̀lẹ́ dé òwúrọ̀, fún ọjọ́ méje. Ọjọ́ keje ni òun yóò fi wẹ̀, tí òun yóò sì mu díẹ̀ nínú rẹ̀. Ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ kàn án ṣáájú.

"Òní ló di ọjọ́ karùn-ún. Ẹ wo ibi tí mo fàmì sí. Ẹ wá wo ibi tí omi wà."

Omi náà ti fi ìwọ̀n ìka mẹ́rin lọ sílẹ̀.

"Bóyá oòrùn ló fà á," ni Fàtímọ̀ wí.

"Oòrùn wo, Ìyá Zubaidah? Kílẹ̀ tó mọ́ ni mo ń gbé e wọlé. Ẹnìkan ló ń bù ú. Ilẹ̀ ibí yìí tutù nígbà tí mo jáde. Ẹnìkan ń bu omi ọmọ mi."

Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ikùn mú. Fàtímọ̀ jókòó tì í, ó ń fọwọ́ rẹ́ ẹ lẹ́yìn. Ó ní kò sí nǹkan tí yóò ṣe é, ó ní Ọlọ́run tó gbé e dé ibi tó dé yìí ni yóò bá a sọ ọ́ kalẹ̀. Ó gba ohun tó ń sọ gbọ́, torí kò tíì mọ nǹkan kan nígbà yẹn.

"Mo ti pe Ọ̀gá Fàtáì," Ìtùnúolúwa wí. "Wọ́n ní tó bá di aago mẹ́rin, wọ́n ń bọ̀ wá wọ ilé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó wà lórí àjà yìí. Wọ́n fẹ́ rí gbogbo ẹni tó ń gbé ibẹ̀."

Ọwọ́ Fàtímọ̀ dúró sí ẹ̀yìn obìnrin náà.

Nígbà tó wọlé, ìyá rẹ̀ wà lórí ẹní, tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń fà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Fàtímọ̀ dúró láàárín ilé, ó ń wo ibi tí ènìyàn lè wọ̀ sí. Kò sí abẹ́ ibùsùn, torí tìmùtìmù ni àwọn ń sùn lé. Ó ronú orí òrùlé, lẹ́yìn àwọn aṣọ. Ibẹ̀ ni ìyá rẹ̀ ti gbójú sókè.

"Ẹ̀yin ará ibí yìí mà mọ nǹkan ṣe," ó wí. "Mo rò pé àwọn ará ilé báyìí kì í rántí ẹni tó fẹ́ kírun. Wọn ò mọ̀ mí rí, wọ́n ń bu omi sílẹ̀ fún mi."

"Omi wo, Ìyá?"

"Èyí tó wà níta. Inú ike funfun. Òun ni mo fi ń ṣe àlùwàlá láti ọjọ́ mélòó kan."

Mo ní láti sọ èyí fún ẹni tí kò bá gbé irú agboolé bẹ́ẹ̀ rí. Nínú agboolé wọn ní Akínyẹlé, ẹni tó bá sùn kẹ́yìn ló ń pọn omi sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ jí fún ìrun Àsùbáà á fi ṣe àlùwàlá láìní máa fi garawa àti kànga da àwọn tó ń sùn láàmú. Omi náà kì í ṣe ti ẹnìkan. Ohun kan ṣoṣo tí ẹni tó bá lò ó gbọ́dọ̀ ṣe ni kó ṣàdúrà fún ẹni tó pọn ọ́n síbẹ̀, bó mọ̀ ọ́n bí kò mọ̀ ọ́n. Láti kékeré ni Mùsílímátù ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sí bí yóò ṣe rí omi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní ìdájí tí kò ní mọ ohun tí wọ́n gbé e síbẹ̀ fún.

"Ìyá, kí ló dé tí ẹ jáde? Mo bẹ̀ yín kí ẹ má jáde."

"Gbogbo kẹ́ẹ̀gì ni o ń kó lọ. Ṣé kí n fi itọ́ ṣe àlùwàlá ni?"

Fàtímọ̀ jókòó sílẹ̀. Aago mẹ́sàn-án ni. Ó mọ̀ nítorí pé rédíò ń ka ìròyìn.

Láti aago mẹ́sàn-án títí dé aago méjì, kò lọ sórí òrùlé, kò sì fọ aṣọ kankan. Ó wá sí i lọ́kàn pé òun lè gbé ìyá òun sá. Ṣùgbọ́n ọ̀sán gangan ni, Fàtáì sì wà ní géètì. Ó wá sí i lọ́kàn pé òun lè ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún ló bù ú fi tẹ ẹ̀bà. Wọn kì í pọnmi, gbogbo ilé ló mọ̀ wọ́n mọ́ ọn, kò sí ẹni tí kò ní gbà. Ó sọ fún mi pé ohun tó ba òun lẹ́rù jù lọ́jọ́ náà nìyẹn, bí irọ́ ọ̀hún ṣe wá wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni pé ó ti wà lẹ́nu òun tipẹ́.

Ìtùnúolúwa kò lọ síbi iṣẹ́. Fàtímọ̀ ń gbọ́ ọ láti òdìkejì ọ̀dẹ̀dẹ̀. Sáàmù ló ń kà, ó ń kà á ní àkàtúnkà, ohùn rẹ̀ ń gbẹ. Nígbà tó yá, ó ń bì. Ẹ̀yìn èyí ni ó dákẹ́, ìdákẹ́jẹ́ náà ni Fàtímọ̀ kò lè fara dà.

Ó dìde, ó lọ kanlẹ̀kùn.

"Ṣé o ti jẹun?"

"Mo gbààwẹ̀."

"Nínú ipò yìí?"

"Kí ni kí n ṣe, Ìyá Zubaidah? Ẹni tó ń bù ú kò dáwọ́ dúró."

"Ìyá mi ni."

Ìtùnúolúwa wò ó bí ẹni tí kò gbọ́.

"Ìyá mi ló ń fi omi náà ṣe àlùwàlá. Inú ilé mi ni wọ́n wà. Ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n. Wọ́n rò pé omi gbogbo wa ni, bí wọ́n ṣe ń ṣe lọ́dọ̀ wọn nìyẹn. Èmi náà kò mọ̀ títí di àárọ̀ yìí."

"Láti ìgbà wo ni wọ́n ti wà níbẹ̀?"

"Ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta."

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Èmi tí mò ń sọ ohun tó wà nínú mi fún yín." Ó di ilẹ̀kùn mú kó má baà ṣubú. "Ìgbà wo láàárọ̀ yìí lẹ mọ̀? Kí ẹ tó máa rẹ́ mi lẹ́yìn ni àbí lẹ́yìn rẹ̀?"

"Lẹ́yìn rẹ̀. Mo fi Ọlọ́run búra."

"Aago méjì ti kọjá, Ìyá Zubaidah."

Ibi tí wọ́n dúró sí nìyẹn tí wọ́n fi gbọ́ bàtà rọ́bà lórí àtẹ̀gùn. Fàtáì kò dúró de aago mẹ́rin. Bó ṣe ń yọrí sókè ni ilẹ̀kùn Fàtímọ̀ ṣí lẹ́yìn rẹ̀, ìyá náà sì fi ọ̀pá rẹ̀ kanlẹ̀ jáde, ó ń dún kókó lórí sìmẹ́ǹtì.

"Ẹ káàsán o," ni Mùsílímátù wí.

"Ẹ káàsán, mà," Fàtáì dá a lóhùn kó tó mọ ẹni tó ń kí. Ó wo ìyá náà, ó wo Fàtímọ̀. "Àlejò yín ni?"

"Ìyá mi ni," Fàtímọ̀ wí. "Wọ́n ń gbé ọ̀dọ̀ mi."

Ìtùnúolúwa kò wo Fàtáì rárá. Ìyá ló ń wò. "Ẹ̀yin lẹ ń bu omi mi?"

"Èmi ni, ọmọ mi. N kò mọ̀ pé ó ní iṣẹ́ mìíràn tí o fẹ́ fi ṣe."

"Kí lẹ sọ sí i? Nígbà tí ẹ ń bù ú, kí lẹ sọ?"

"Bísímílà ni mo sọ. Nígbà tí mo kírun tán, mo ní kí Ọlọ́run fún ẹni tó pọn ọ́n ní ohun tó ń wá. N kò mọ ohun tó ń wá. Ká ní mo mọ̀ ni, ǹ bá dárúkọ rẹ̀."

Ìtùnúolúwa wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn. Wọ́n gbọ́ tí kọ́kọ́rọ́ yí lẹ́ẹ̀mejì.

Fàtáì fọwọ́ nu ojú. Kò burú lọ́kùnrin. Ó ní bó bá jẹ́ ti òun ni, òun kò rí ẹnikẹ́ni, àmọ́ ó ti di ohun tí ẹlòmíràn mọ̀, tí onílé bá gbọ́ ọ láti ẹnu ẹlòmíràn, iṣẹ́ òun ni yóò lọ. Ó tẹ onílé láago níbẹ̀. Bàbá Ajíbádé ni wọ́n ń pè é, Èkó ló ń gbé. Fàtáì gbé fóònù síwájú kí Fàtímọ̀ lè gbọ́ ohùn rẹ̀. Ohùn náà tutù, kò sí ìbínú nínú rẹ̀.

"Ìyá Zubaidah, èmi náà bọ̀wọ̀ fún ìyá. N kò ní lé yín bí ajá. Fàtáì á kọ ìwé kan báyìí, ẹ ó fọwọ́ sí i, pé ìyá yín kò ní kú sínú ilé mi. Tí ẹ bá ti fọwọ́ sí i, kí wọ́n máa gbé ibẹ̀ títí owó ilé yín yóò fi tán. Oṣù márùn-ún ló kù."

Fàtáì sọ̀kalẹ̀ lọ mú ìwé. Nígbà tó padà dé, ó fi ògiri ṣe tábìlì, ó kọ ọ́, ó sì kà á sókè: "Èmi, Fàtímọ̀, ayálégbé àjà kẹta, ṣe àdéhùn pé ìyá mi kò ní kú sínú ilé yìí."

"Tún un kà," ìyá wí.

Ó tún un kà. Ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀ díẹ̀.

"Ìwọ lo kọ ọ́?"

"Àwọn ni wọ́n ní kí n kọ ọ́, mà."

"Ìwé rẹ dára. Ó wá ku ẹnìkan tí kò tíì fọwọ́ sí i. Tí Málékà tó ń bọ̀ wá mú mi bá dé géètì, ìwọ ni kó o gbé e fún un."

Fàtáì wo bàtà rẹ̀.

Fàtímọ̀ gba bírò. Oṣù márùn-ún kì í ṣe nǹkan kékeré. Ó ronú okùn aṣọ rẹ̀ lórí òrùlé, àti oníbàárà mọ́kànlélógún tí kò sí ẹni tí ilé rẹ̀ jìn ju ìrìn ẹsẹ̀ lọ. Nígbà tó kọ ẹyọ kan sínú ìwé àkọ́kọ́, òótọ́ ni, ẹ̀yìn ìgbà náà ló di irọ́. Èyí yóò ti jẹ́ irọ́ kí yíǹkì rẹ̀ tó gbẹ. Tí ìyá rẹ̀ bá sì ń lọ lóòótọ́, ohun tí ìwé yìí ń sọ ni pé kí òun máa gbé e sáré lórí àtẹ̀gùn, kí ẹ̀mí rẹ̀ lè bọ́ sí títì.

"N kò lè fọwọ́ sí i," ó wí.

"Ìyá Zubaidah, ìwé lásán ni. Ta ló ń padà wá kà á?"

"Èmi ni. Èmi ni yóò máa kà á lójoojúmọ́ tí wọ́n bá wúkọ́."

Ó dá bírò náà padà fún un.

Onílé fún wọn di ọjọ́ Àìkú láti kó jáde. Mùnírù ti rí páànù bo yàrá kan ní Akínyẹlé nígbà náà, Fàtímọ̀ àti ìyá rẹ̀ sì kó wọ inú rẹ̀. Ìtùnúolúwa kò ṣílẹ̀kùn títí wọ́n fi lọ. Fàtáì sọ fún Fàtímọ̀ pé wòólì rẹ̀ ní kó da ìyókù omi náà nù, kó tún bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kìn-ín-ní.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ ni Fàtímọ̀ ń gun ọ̀kadà lọ sí Ajíbódé báyìí láti kó aṣọ. Nínú oníbàárà mọ́kànlélógún, mẹ́sàn-án ló kù. Ìyá rẹ̀ ń rìn jìnnà díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n tó bá ti kírun Àsùbáà tán, ìbéèrè kan ló máa ń kọ́kọ́ bi í, pé, "Ọmọ yẹn ńkọ́? Ṣé ó ti bí?" Fàtímọ̀ á ní kò tíì bí. Kò mọ̀. Kò pè é rí láti ìgbà tí wọ́n ti kúrò, ó ń bẹ̀rù ohun tí yóò gbọ́.

Oṣù ìbímọ Ìtùnúolúwa ti pé lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, nígbà tí Fàtímọ̀ lọ gba aṣọ lọ́wọ́ Sanmí ní géètì, ó gbójú sókè wo ọ̀dẹ̀dẹ̀ àjà kẹta bóyá òun á rí ìlédìí tàbí aṣọ ọmọdé tí wọ́n sá síbẹ̀. Kò rí nǹkan kan. Fàtáì jókòó sórí àga rẹ̀, ó kí i dáadáa, ó béèrè ìyá. Fàtímọ̀ ní wọ́n wà, wọ́n ń kí i. Kò bi í léèrè bóyá Ìtùnúolúwa ti bí. Ó gbé ẹrù aṣọ lérí, ó sì lọ dúró de ọ̀kadà.